Ìdàgbàsókè Ẹ̀kọ́ Gíga Nínú Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Ilẹ̀ Yorùbá: Láti Ìmẹ̀sí-Ilé Dé Ìgándò

Ìfáárà

Ní Ìgándò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ni Ilé-Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà. Ìgándò kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ fìdí kalẹ̀ sí. Àgbègbè tí ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń sìn kì í ṣe kékeré. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímọ̀ṣọ́. Kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ẹni tí ó bá mọ Ìkòtún ní ọjọ́ ọjà, tàbí Ẹgbẹ́dá nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń darí bọ̀ wálé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé èrò pọ̀ níbẹ̀.

Láàárín ọ̀pọ̀ èrò báyìí, ìbéèrè kan ṣe pàtàkì: ta ni ó kọ́kọ́ ń rí aláìsàn? Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wọ ilé-ìwòsàn ní òru, nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Nọ́ọ̀sì ni yóò pinnu bóyá ọmọ náà lè dúró de ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, tàbí kí a gbé e kọjá gbogbo èrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìpinnu yìí lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè mú ẹ̀mí lọ. Irú ẹ̀kọ́ wo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní? Láti ibo ni ẹ̀kọ́ náà ti wá?

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe nọ́ọ̀sì tí ó ti gba ẹ̀kọ́ gíga débi pé ó lè yẹ aláìsàn wò, kí ó sọ ohun tí ó ń ṣe é, kí ó sì fún un ní òògùn, ní nurse practitioner. Nínú àròkọ yìí, nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni a ó máa pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Amẹ́ríkà ni irú iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Òtítọ́ ni pé Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé dáadáa, a ó rí i pé wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá kí orúkọ rẹ̀ tó dé.

Nọ́ọ̀sì ní Àkókò Ìjọba Amúnisìn

Ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí wọ́n tó dé ni àwọn agbẹ̀bí ti ń gbẹ̀bí, tí àwọn oníṣègùn ti ń wo àìsàn, tí àwọn ìyá àgbà sì ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ètò àwọn òyìnbó ni pé wọ́n ya ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára ìwòsàn. Dókítà ni ó ń wo àrùn tí ó sì ń pàṣẹ. Nọ́ọ̀sì ni ó ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní àwọn ilé-ìwòsàn tí àwọn ìjọ Kírísítì dá sílẹ̀, irú bí Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, tí ó ti wà láti 1895, àti Wesley Guild ní Ìléṣà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà ni kí ó wọn bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó, kí ó wẹ ojú ọgbẹ́, kí ó tẹ́ ibùsùn, kí ó sì fún aláìsàn ní òògùn ní àsìkò tí dókítà sọ. Iṣẹ́ pàtàkì ni gbogbo èyí, nítorí pé òògùn tí ó dára jù lọ kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí ìmọ́tótó kò bá sí. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ rí i pé nǹkan kò lọ bí ó ti yẹ, kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ń ṣe aláìsàn.

Ní 1947 ni ìjọba ṣe òfin tí ó fi ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lélẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1952 ni wọ́n dá University College Hospital, Ìbàdàn, sílẹ̀. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kí wọ́n tó ṣí àwọn ilé tuntun ní 20 November 1957. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ tẹ̀lé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìwọ̀n iṣẹ́ náà sókè ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ.

A kò lè sọ ìtàn yìí láìdárúkọ Kofoworọla Abẹni Pratt. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1915. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́, ó sì ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé-ìwòsàn St Thomas', London, ní 1946. Ó padà wálé ní 1954, ó sì ṣiṣẹ́ ní UCH, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ipò gíga nínú iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ Métírọ̀nù ilé-ìwòsàn náà. Lẹ́yìn èyí ó di ọ̀gá àgbà fún gbogbo nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀. Ní 1973 ó di Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn ni pé nọ́ọ̀sì lè darí, ó sì lè ronú fún odindi orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìmẹ̀sí-Ilé kì í ṣe orúkọ àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ìlú náà tún ní ìtàn mìíràn tí àwọn oníṣègùn àgbáyé mọ̀ ju àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn lọ. Ní 1956 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild, Ìléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọdé ń kú ní àkúfà ní àgbègbè náà. Òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èéyi, ikọ́ líle àti àìjẹunre-kánú ni ó ń pa wọ́n. Ó tún rí i pé dókítà kò lè pọ̀ tó láé láti yẹ gbogbo wọn wò.

Ní 1957 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń tọ pinpin ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà láti ìgbà ìbí títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ìyá tí ó gbé ọmọ tí ń wúkọ́ wá yóò gba òògùn ikọ́. Níbẹ̀ kan náà ni wọn yóò ti wọn ọmọ náà, tí wọn yóò sì wò ó bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tí wọ́n fa ìlà sí. Bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, àmì ìwọ̀n rẹ̀ yóò máa gòkè lórí káàdì náà. Bí kò bá gòkè mọ́, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà, kì í ṣe inú àpótí ilé-ìwòsàn. Irú káàdì yìí ni ó tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà.

Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ni. Wọ́n kọ́ wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá, láti yẹ ọmọ wò, láti dá àrùn tí ó wọ́pọ̀ mọ̀, láti fún ọmọ ní òògùn tí ó yẹ, àti láti mọ ọmọ tí ó kọjá agbára wọn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí dókítà. Àwọn olùwádìí fi ọ̀ràn Ìmẹ̀sí-Ilé wé ti Òkè-Ìmẹ̀sí tí ó wà nítòsí, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ikú ọmọdé kéré ní Ìmẹ̀sí-Ilé ju ti ìlú kejì lọ. Ẹ̀rí nìyí pé nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ dáadáa, tí a sì fún ní ìlànà tí ó yéni, lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rò pé dókítà nìkan ni ó lè ṣe é.

Ọdún 1965

Ní 1965, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ibi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn. Ní Yunifásítì Colorado, ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Loretta Ford àti dókítà àwọn ọmọdé kan tí ń jẹ́ Henry Silver bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí yóò sọ nọ́ọ̀sì di ẹni tí ó lè tọ́jú ọmọdé fúnra rẹ̀. Ford ti ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko, ó sì ti rí i pé níbi tí dókítà kò sí, nọ́ọ̀sì ni ó ń ru ẹrù náà. Àwọn ni wọ́n fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ford kú ní 2025 lẹ́ni ọdún 104, nígbà tí àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ti ju 300,000 lọ.

Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Ète wọn ni láti pèsè àwọn olùkọ́ àti àwọn olùdarí tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ní 1973, Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ọ̀nà mìíràn: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè wọ yunifásítì tààrà láti gba oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1981 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Nọ́ọ̀sì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yábàá.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Colorado ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti dúró ti aláìsàn pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀. Ìbàdàn ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti darí àti láti kọ́ ẹlòmíràn. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nílò àwọn olùdarí, nítorí náà kò sí ẹ̀bi nínú ohun tí Ìbàdàn yàn. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé bí nọ́ọ̀sì bá ṣe ń kàwé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí ibùsùn aláìsàn. Ó di ọ̀gá, ó di olùkọ́, ó sì fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ìmọ̀ tó o. Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé bẹ̀rẹ̀, yunifásítì kò gbé e lọ síwájú.

Ohun Tí Ẹ̀kọ́ Gíga Náà Ń Kọ́ni

Kí ni nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń kọ́ tí nọ́ọ̀sì yòókù kò kọ́ dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀? Ìmọ̀ mẹ́ta ni òpó rẹ̀. Èkíní ni ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Èkejì ni àyẹ̀wò ara. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ òògùn.

Ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ kọjá kí a mọ orúkọ àrùn. Ẹ jẹ́ kí a fi gìrì ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí gìrì mú lè jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná jù. Ó lè jẹ́ pé ibà ti wọ ọpọlọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, àgbo yìí sì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ èyí kò ní dúró sórí fífi omi nu ọmọ lára nìkan. Yóò yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, yóò sì bi ìyá léèrè pẹ̀lú sùúrù ohun tí wọ́n ti fún ọmọ mu nílé.

Àyẹ̀wò ara bẹ̀rẹ̀ láti inú gbígbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn. Níhìn-ín ni ìmọ̀ èdè ti wọlé. Bí ará Ìkòtún bá sọ pé ibà ń ṣe òun, kò túmọ̀ sí pé èyí tí ẹ̀fọn ń fà ni ó ní lọ́kàn, nítorí pé Yorùbá ń pe oríṣìíríṣìí ara gbígbóná ní ibà, ó sì tún ní ibà pọ́njú. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹ̀díjẹ̀dí: ẹnì kan lè fi pe ìdí yíyọ, ẹlòmíràn lè fi pe inú rírun tàbí ẹ̀yìn dídùn. Nọ́ọ̀sì tí ó bá kàn kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìbéèrè síwájú sí i lè tọ́jú àrùn tí kò sí, kí ó sì fi èyí tí ó wà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ń yẹ ara wò: wíwò, fífi ọwọ́ kàn, kíkàn àti gbígbọ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra ìkòkò máa ń fi ìka kàn án kí ó lè gbọ́ bóyá ó ti sán. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kan àyà láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí omi. Ìlànà ní létòlétò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikùn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn inú rẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí pé títẹ̀ lè yí ohùn náà padà. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, nọ́ọ̀sì yóò ka iye ìgbà tí ó mí ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ pé bí ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 12 bá mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5 bá mí tó ìgbà 40, a gbọ́dọ̀ fura sí òtútù àyà. Ojú, ọwọ́ àti sùúrù ni èyí gbà. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ìmọ̀ òògùn ni ó wúwo jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé òògùn tí ó ń wo ni náà ni ó lè pa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí òògùn ṣe ń wọ ara, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń fọ́ ọ, bí kíndìnrín ṣe ń gbé e jáde, àti ìdí tí ìwọ̀n ti ọmọdé fi yàtọ̀ sí ti àgbà. Ó ń kọ́ pé tẹtrasáíkílìnì kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, nítorí pé ó ń ba eyín tí ń dàgbà jẹ́. Ó tún ń kọ́ pé ìmọ̀ òògùn kì í dúró lójú kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, klorokúìnì ni gbogbo ilé ń lò fún ibà. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ti mọ ọ́n lára, ní 2005 ni Nàìjíríà sì yí ìlànà padà sí àwọn òògùn àpapọ̀ tí ó ní artemisinin nínú. Nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ ìwé ní 1985 tí kò sì kà á mọ́ yóò máa fún aláìsàn ní òògùn àná.

Èyí ni ó mú kí ìwádìí wà lára ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ti ń ka àbọ̀ ìwádìí, bí a ti ń mọ ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ń kọ́ òfin àti ìwà ọmọlúwàbí: bí a ti ń pa àṣírí aláìsàn mọ́, bí a ti ń gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, bí a sì ti ń jẹ́wọ́ àṣìṣe. Ó ń kọ́ ìdènà àrùn, pàápàá ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí kì í pariwo kí ó tó ṣe ni lọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni iṣẹ́ ojúkorojú lábẹ́ àbójútó ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 500 ni ìlànà fi lélẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó kéré jù. Ní 2022 wọ́n gbé e sókè sí 750.

Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun kan ni ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni: bí a ti ń dá ìpinnu ṣe, tí a sì ń dáhùn fún un. Ara rẹ̀ náà ni kí ènìyàn mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí.

Ìmọ̀ àti Àṣẹ

Ìmọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ òògùn tí ó yẹ, ṣùgbọ́n tí òfin kò gbà láyè láti kọ ọ́, dà bí ẹni tí a fún ní àdá tí a sì so ní ọwọ́. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni nọ́ọ̀sì kan, Barbara Stilwell, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Birmingham. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1992 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó gba àwọn nọ́ọ̀sì kan láyè láti kọ òògùn, ó sì di 2006 kí àṣẹ náà tó gbòòrò dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òògùn. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú, ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e, òfin sì wá kẹ́yìn. Ní 2002, Àjọ Àwọn Nọ́ọ̀sì Àgbáyé ṣe àlàyé ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́, wọ́n sì dábàá pé oyè Másítà ni ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe é ní.

Ní Nàìjíríà, òfin kẹtàdínláàádọ́rùn-ún lé méjì, èyíinì ni Òfin 89 ti ọdún 1979, ni ó fìdí Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí múlẹ̀. Òfin náà dá lórí ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀kọ́ àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kì í ṣe nítorí nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Lápá kejì, ètò ìlera ìpìlẹ̀ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láàárín 1975 sí 1980 pèsè àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, ó sì fi ìwé ìlànà lé wọn lọ́wọ́ tí ó sọ òògùn tí wọ́n lè fúnni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, tan ètò yìí dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ Mínísítà fún ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Báyìí ni Nàìjíríà fi gbà pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ìlànà. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni kí a so irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ga jù lọ tí nọ́ọ̀sì lè gbà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí nọ́ọ̀sì bá ń yẹ aláìsàn wò, yóò gba iṣẹ́ dókítà ṣe, tàbí pé yóò ṣi òògùn lò. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣẹ̀sín. Àṣẹ tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú léwu ju ẹ̀kọ́ tí kò ní àṣẹ lọ. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò, ìdánwò àti àbójútó fi gbọ́dọ̀ le. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Dókítà tí ó ní iṣẹ́ abẹ níwájú kò lè ka èémí gbogbo ọmọ tí ń wúkọ́ ní Alímọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kò sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ọ̀ràn Alímọ̀ṣọ́ Lónìí

Ọ̀ràn yìí kan Alímọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgándò mọ̀ pé ní Houston, ní Chicago àti ní London, àwọn ọmọ Yorùbá wà tí wọ́n ti di nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀, tí wọ́n ń yẹ aláìsàn wò tí wọ́n sì ń kọ òògùn. Owó oṣù jẹ́ ara ohun tí ó ń fà wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ fẹ́ ibi tí yóò ti lò ó. Ní oṣù Kejì 2024, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé ìlànà tuntun jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé-àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè-òkun, àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. Ìlànà lè dá ẹsẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò lè dá ọkàn dúró.

Ohun tí ó lè dá ọkàn dúró ni kí nọ́ọ̀sì rí i pé òun lè ga nínú iṣẹ́ òun láìfi ibùsùn aláìsàn sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá wà ní ilé ìtọ́jú ìpìlẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìdímù àti ní Ìkòtún, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò ní nílò láti dé Ìgándò rárá. Àwọn tí ó bá sì dé ibẹ̀ yóò jẹ́ àwọn tí ó nílò dókítà nítòótọ́. Irú ìpín iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìléṣà ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn nìyí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìtàn ẹ̀kọ́ gíga nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìpele mẹ́rin. Èkíní ni àkókò tí nọ́ọ̀sì ń mú àṣẹ ẹlòmíràn ṣẹ. Èkejì ni iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé láti 1957, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń yẹ ọmọ wò tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti yunifásítì láti 1965, tí ó gbé ìwé nọ́ọ̀sì ga ṣùgbọ́n tí ó fà á kúrò lẹ́bàá ibùsùn. Ẹ̀kẹrin ni ti òde òní, tí ìmọ̀ ń dúró de àṣẹ.

Kì í ṣe pé kí a lọ yá ẹ̀kọ́ tuntun wá láti òkèèrè ni ó kù. Ọmọ náà ti wà nílé kí wọ́n tó fún un lórúkọ ní Colorado. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń ṣe òfin, àwọn tí ń kọ́ni àti àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ mọ ọmọ náà ní tiwọn, kí wọ́n kọ́ ọ yékéyéké, kí wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ìyá tí ó gbé ọmọ dé Ìgándò ní òru kò ní béèrè orúkọ oyè ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí yóò fẹ́ ni kí ẹni náà mọ ohun tí ó ń wò, kí ó sì ní àṣẹ láti ṣe ohun tí ó yẹ.